Ẹ̀yìn Ọkọ̀ Tó Le Bí Òkúta: Ìtàn Sípíríngì láti Ayé Bọ̀lẹ̀kájà dé Ọkọ̀ Sípọ́ọ̀tì Àtijọ́

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọ̀rọ̀ yìí bá ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì àtijọ́ mu gan-an. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, iwájú ló máa ń wò: iná, bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì àti ìró rẹ̀. Ọjọ́ tó bá gbé e kúrò ní Òṣogbo, tó gba Òkínní lọ sí Ìlobù, tí táyà ẹ̀yìn já sínú gálọ́ọ̀pù, ọjọ́ náà ni yóò mọ ohun tó rà. Ẹ̀yìn ọkọ̀ á máa ta á nípàá bí ẹṣin tí kò fẹ́ gàárì. Mẹ́kánííkì á ní kó pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn ṣì le.

Nínú ẹ̀kọ́ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ túmọ̀ oríkì gbọ́dọ̀ mọ ìtàn tó bí i. A fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí pé bákan náà ni ẹ̀yìn ọkọ̀ rí. Kì í ṣàdédé le. Nígbà púpọ̀, ẹnìkan ló mú un le, nítorí ẹrù kan, ní àkókò kan. Ẹni tí kò bá wádìí ẹrù náà, owó lásán ni yóò máa ná. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹrù.

Òṣùká ni sípíríngì

Kí ọkọ̀ tó dé ilẹ̀ wa, orí ọmọ ènìyàn ló ń ru ẹrù. Ìlobù jẹ́ ìlú àgbẹ̀, odò Erinlẹ̀ ń ṣàn ní agbègbè rẹ̀, òun àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun sì jọ múlé ti ara wọn. Iṣu, ẹ̀gẹ́, àgbàdo àti ata tó ti oko wá, orí ni wọ́n fi ń gbé e dé ọjà. Ṣùgbọ́n kò sí alárù tó gbọ́n tí yóò gbé agbọ̀n iṣu lé orí lásán. Á kọ́kọ́ ká aṣọ tàbí ewé di òṣùká. Òṣùká yìí ló ń gba ìnira ẹrù kó má baà kan egungun. Bí òṣùká bá tinrín jù, ẹrù á kan orí. Bí ó bá le jù, kò yàtọ̀ sí pé kò sí. Bí wọ́n bá ká a dáadáa, alárù á rìn jìnnà, orúnkún rẹ̀ á sì máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gbẹ́sẹ̀.

Ohun tí òṣùká ń ṣe fún orí ni sípíríngì ń ṣe fún ọkọ̀. Ohun tí orúnkún ń ṣe ni ti ṣọ́ọ̀kì: kì í jẹ́ kí ìmìtìtì náà máa bá ọkọ̀ lọ lẹ́yìn tí kòtò ti kọjá. Ẹni tó bá di òwe yìí mú kò ní sọnù nínú ìyókù ọ̀rọ̀ wa.

Ní 1901 ni ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Ní 1907 ó wọ Òṣogbo. Láti ìgbà náà ni Òṣogbo ti di ibi tí èrè oko gbogbo agbègbè ń wọ́ lọ. Ọkọ̀ ojú irin kì í kúrò lórí irin rẹ̀, kò sì lè yà sí oko Ìlobù. Ohun tó ń lọ láti oko dé ibùdókọ̀ ojú irin, orí ló kọ́kọ́ ń gbé e. Lẹ́yìn náà ni lọ́rì dé.

Bọ̀lẹ̀kájà àti irin tó tẹ̀ bí ọrun

Láàárín àwọn ọdún 1920 ni lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́pọ̀ lójú ọ̀nà ilẹ̀ Yorùbá. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, Bedford àti Austin láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló gbòde. Ẹ́ńjìnnì, táyà àti férémù irin ló ń ti òkè òkun wá. Àwọn káfíńtà wa ló ń kan ara rẹ̀ ní pákó, tí àwọn akunlé sì ń kọ òwe sí i lára. Ọkọ̀ yìí ni àwọn èèyàn sọ ní bọ̀lẹ̀kájà. Àlàyé tó wọ́pọ̀ ni pé àwọn èrò máa ń dojú kọ ara wọn lórí bẹ́ǹṣì, orúnkún á máa gbá orúnkún, ọ̀rọ̀ kékeré á sì di "bọ́ sílẹ̀ ká jà."

Ohun kan wà tí a kì í sábà fi kún àlàyé yìí. Ara ìdí tí ara fi máa ń kan àwọn èrò náà wà lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Sípíríngì lọ́rì jẹ́ àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn, gígùn lókè, kúkúrú nísàlẹ̀, tí gbogbo wọn sì tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Bí ẹrù bá wọ ọkọ̀, ọrun náà á nà. Bí táyà bá jáde kúrò nínú kòtò, ọrun á tún tẹ̀ padà. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe irin náà fún ẹrù tọ́ọ̀nù púpọ̀. Bí lọ́rì bá kún fún kòkó tàbí iṣu dé góńgó, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa rọra mì. Bí ó bá já ẹrù sílẹ̀ tó sì kó èèyàn díẹ̀ padà, irin kan náà kò ní nà rárá. Á máa ju àwọn èrò sókè bí ẹ̀wà nínú atẹ.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí, òun náà sì ni ìpìlẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì tí a ń bọ̀ wá sọ: sípíríngì tó dára fún ẹrù ńlá, òkúta ni lábẹ́ ẹrù kékeré.

Wọlé Ṣóyínká mọ ayé àwọn awakọ̀ yìí dáadáa. Nínú eré rẹ̀ The Road, tó jáde ní 1965, ṣọ́ọ̀bù kan wà tí wọ́n ti ń ta àwọn ẹ̀yà ara ọkọ̀ tó ti ní jàǹbá. Irin òkú ọkọ̀ kan á di ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn. Bó ṣe rí nínú eré náà ló rí lójú pópó.

Alágbẹ̀dẹ ni oní-sípíríngì àkọ́kọ́

Nígbà tí lọ́rì bá kú, sípíríngì rẹ̀ kì í kú. Ilé arọ ló ń lọ. Àwọn alágbẹ̀dẹ wa tètè mọ̀ pé irin yìí gbó, pé ó ń gba ojú mímú, pé kì í tètè tẹ̀. Bí irin òyìnbó ṣe pọ̀ sí i ni iṣẹ́ àwọn tó ń yọ́ irin láti inú òkúta ilẹ̀ wa ń parun, tí sípíríngì ọkọ̀ sì ń di ọkọ́ àti àdá. Títí di òní, bí ẹ bá wo àdá tó dára lọ́jà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti gbé lọ́rì rí.

Ọwọ́ kan náà ló ń tún sípíríngì ṣe. Bí ọrun lọ́rì bá ti nà tán tí kò tẹ̀ mọ́, wọ́n á gbé e wá, wọ́n á fi owú lù ú títí yóò fi tẹ̀ padà. Ibí yìí ni ìmọ̀ ti yàtọ̀ sí agbára. Irin sípíríngì ní ìwọ̀n iná tirẹ̀. Bí a bá mú un pọ́n dòdò, tí a wá fi í sílẹ̀ kó tutù fúnra rẹ̀, á rọ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi tún nà. Bí a bá jù ú sínú omi lójijì, á le ṣùgbọ́n á gan, ó sì lè ṣẹ́ lójú ọ̀nà. Alágbẹ̀dẹ tó mọṣẹ́ á rì í sínú epo, á sì tún dá a padà síbi iná kékeré kí líle rẹ̀ lè rọ̀ díẹ̀. Sípíríngì tó ṣẹ́ lórí eré lè mú kí táyà ẹ̀yìn yà kúrò ní ipò rẹ̀. Ẹ̀mí wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí. Kò yani lẹ́nu pé Ògún ni awakọ̀ àti alágbẹ̀dẹ jọ ń bọ.

Ìjàpá, Pijó àti ọdún 1975

Ní oṣù kẹta ọdún 1975, ilé iṣẹ́ méjì ṣí ní Nàìjíríà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì: ti Peugeot ní Kàdúná àti ti Volkswagen ní Èkó. Owó epo rọ̀bì ti dé, àfikún owó oṣù tí ìgbìmọ̀ Udoji dá lábàá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọwọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Olùkọ́ àti akọ̀wé tó ń gun kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọkọ̀. Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe bìrìkìtì ni a sọ ní Ìjàpá. Peugeot ni a ń pè ní Pijó.

Ìjàpá kò ní ọrun irin lẹ́yìn. Ọ̀pá irin kan ni wọ́n fi sínú páìpù lábẹ́ rẹ̀, tó ń lọ́ bí ẹni fún aṣọ nígbà tí táyà bá gòkè, tó sì ń tú padà. Ferdinand Porsche tó ya Ìjàpá ló gba ẹ̀tọ́ lórí irú sípíríngì yìí ní 1931. Nígbà tí ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì Porsche 356 jáde ní 1948, púpọ̀ nínú ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ wá láti ara Ìjàpá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì ni Ìjàpá tí àwọn bàbá wa fi ń gbé iṣu.

Gbígbé iṣu náà ló sì fa wàhálà. Ọ̀pá yẹn ní eyín ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Bí a bá yọ ọ́, tí a yí i ní eyín kan tàbí méjì, ẹ̀yìn ọkọ̀ á ga sí i. Àwọn tó ń kó ẹrù fẹ́ràn èyí. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn Ìjàpá àtijọ́ bá ga jù, táyà rẹ̀ méjèèjì á tẹ̀ sínú nísàlẹ̀, bí ẹsẹ̀ ẹni tí orúnkún rẹ̀ ya síta. Ààyè tí táyà fi ń sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò á dín kù, ọkọ̀ á máa fò, ó sì lè dojú dé ní kọ́nà. Ẹni tó bá jogún irú ọkọ̀ yìí lónìí, tí kò kó iṣu kankan, ẹrù ọdún 1978 ló ṣì ń gbé kiri.

Ti Pijó 504 tún lárinrin ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1968 ló jáde ní Faransé, ó sì gba oyè ọkọ̀ tó dára jù ní Yúróòpù fún ọdún 1969. Sípíríngì rẹ̀ jẹ́ irin roboto tí wọ́n ká bí ejò, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan ọkọ̀ ilé tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe sì lè dá lọ sókè sódò láìfa èkejì. Onílẹ̀kùn méjì, tí Pininfarina ní Ítálì ya, bá a pín irú ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì àwọn gbajúmọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tí a mọ̀ jù ní gáréèjì ni ẹlẹ́yìn gígùn tó ń kó èrò láti ìlú dé ìlú. Ọ̀pá irin kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì pọ̀, sípíríngì rẹ̀ sì nípọn nítorí èrò àti ẹrù. Orúkọ kan ni wọ́n jọ ń jẹ́, ẹ̀yìn wọn kò dọ́gba.

Ohun tí Safari kọ́ wa

Àwọn kan gbà pé ọ̀nà tó burú ń fẹ́ ẹ̀yìn tó le. Ìtàn kò gbà pẹ̀lú wọn. Ìdíje Safari ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà gba ojú ọ̀nà ẹrẹ̀, eruku àti òkúta. Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì Datsun 240Z ló gbégbá orókè ní 1971 àti 1973. Peugeot 504 gbà á ní 1975, 504 onílẹ̀kùn méjì sì gbà á ní 1978. Ohun tí a mọ 504 sí ni pé táyà rẹ̀ ní ààyè gígùn láti lọ sókè sódò, pé sípíríngì rẹ̀ rọ̀, pé ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sì lágbára láti dá a dúró. Òṣùká tó nípọn tó sì rọ̀, pẹ̀lú orúnkún tó le: bí alárù gidi ṣe ń rìn nìyẹn.

Ọdún SAP àti ọgbọ́n ìṣẹ́

Ní 1986 ni ètò SAP dé. Náírà bẹ̀rẹ̀ sí í jábọ́, ọkọ̀ tuntun sì kọjá agbára òṣìṣẹ́. Tòkunbọ̀ gbòde, ọkọ̀ tó wà nílẹ̀ sì gbọ́dọ̀ pẹ́. Àwọn mẹ́kánííkì wa ṣe ohun tó yà wá lẹ́nu títí dòní. Wọ́n gé rọ́bà táyà, wọ́n kì í sáàárín sípíríngì tó ti rẹ̀. Wọ́n mú sípíríngì ọkọ̀ akérò, wọ́n fi sábẹ́ ọkọ̀ ilé. Wọ́n fi irin kan kún ọrun irin píkọ́ọ̀pù. Ọkọ̀ tó yẹ kó kó èèyàn márùn-ún wá ń kó mẹ́jọ àti àpò gàrí. A kò lè dá wọn lẹ́bi. Ọgbọ́n yẹn ló bọ́ ilé, òun ló sì san owó ilé ìwé fún púpọ̀ nínú àwọn òbí wa. Àmọ́ ẹrù ti sọ̀ kalẹ̀, rọ́bà ṣì wà nínú sípíríngì.

Ní ìlú òyìnbó, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà dé ibì kan náà. MGB, ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1962 dé 1980, ọrun irin bíi ti bọ̀lẹ̀kájà ló ní lẹ́yìn. Òjò àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà òtútù máa ń mú kí àwọn irin náà dípẹtà, kí wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Irin márùn-ún tàbí mẹ́fà á wá di ẹyọ kan tó nípọn. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ẹ bá ní ọ̀kan nínú gáráájì, ibẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wò.

Bí a ṣe ń tú ẹrù àná

Pẹ̀lú ìtàn yìí, àtúnṣe ní ètò tó yẹ kó tẹ̀ lé.

Èkínní, ẹ bi ọkọ̀ ní ìtàn. Ta ló ní i tẹ́lẹ̀? Kí ló fi ń gbé? Ṣé wọ́n gé sípíríngì kí ọkọ̀ lè rẹlẹ̀? Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń gé sípíríngì ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì nítorí ẹwà, wọn kò mọ̀ pé sípíríngì roboto tí a gé kúrú máa ń le sí i.

Èkejì, ẹ wo táyà. Fókánáísà ẹ̀bá ọ̀nà lè fẹ́ ẹ jù. Ẹ wọn atẹ́gùn nígbà tí táyà tutù, kí ẹ fi í sí iye tí ilé iṣẹ́ kọ sára ọkọ̀ tàbí sínú ìwé rẹ̀. Táyà tó ti gbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ náà máa ń gan, bí ojú rẹ̀ tiẹ̀ ṣì ní ila.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀. Bí ó bá ń fò lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, ṣọ́ọ̀kì ti kú. Bí kò bá lọ sílẹ̀ rárá, nǹkan kan ti há, tàbí sípíríngì náà kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, ẹ wo abẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó dúró lórí ìdúró irin tó dájú, kì í ṣe orí jáàkì nìkan. Rọ́bà kékeré kan wà tí ọ̀pá ẹ̀yìn ń gbá nígbà tí sípíríngì bá lọ dé òpin. Bí ojú rẹ̀ bá ń dán tàbí tó ti ya, ó túmọ̀ sí pé ọkọ̀ ń kanlẹ̀. Líle tí ẹ ń gbọ́ kì í ṣe ti sípíríngì tó le. Ti sípíríngì tó ti rẹ̀ ni. Ìwòsàn àwọn méjèèjì yàtọ̀ síra pátápátá, ibí yìí sì ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ yọ gbogbo àfikún: rọ́bà inú sípíríngì, irin tí wọ́n fi kún un, sípíríngì ọkọ̀ mìíràn. Bí ó bá jẹ́ ọrun irin, ẹ tú u, ẹ ha ìpẹtà rẹ̀, ẹ fi gíríìsì pa á, kí irin lè máa yọ̀ lórí irin. Fún sípíríngì roboto, ẹ má ṣe tú u láìní irinṣẹ́ tó ń fún un pọ̀. Agbára tó wà nínú rẹ̀ lè pààyàn.

Ẹ̀kẹfà, búṣìn, ìyẹn rọ́bà tó wà ní ojú ìsopọ̀. Ẹ pààrọ̀ èyí tó ti gan. Nígbà tí ẹ bá ń dè é padà, ẹ má ṣe fún bóòtù rẹ̀ pa nígbà tí táyà ṣì ń fì lókè. Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀ sórí ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fún un pa. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà náà á wà ní lílọ́ ní gbogbo ìgbà, á máa bá sípíríngì jà, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi ya.

Ṣọ́ọ̀kì ló kẹ́yìn, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, irú èyí tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ náà gan-an. Ẹ rí i pé ohun tí mẹ́kánííkì kọ́kọ́ dárúkọ níbẹ̀rẹ̀ ló wà ní òpin ètò.

Ohun tó wà nínú ewu

Ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì tí ẹ̀yìn rẹ̀ le kọjá ọ̀rọ̀ ìdí tó ń dunni. Táyà tó ń fò kò fọwọ́ kan ilẹ̀, táyà tí kò fọwọ́ kan ilẹ̀ kò lè dúró, kò sì lè yà. Nígbà òjò, èyí tó lọ.

Ohun kejì tó wà nínú ewu kan àwa tí a ń kọ́ Yorùbá gan-an. Ìmọ̀ bí irin ṣe ń gbó nínú iná, ìwọ̀n epo àti omi, bí a ṣe ń fi etí gbọ́ sípíríngì tó ti ya kí ojú tó rí i, lẹ́nu àwọn àgbà alágbẹ̀dẹ àti mẹ́kánííkì ló wà, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi mọ̀ ọ́n. Irin tuntun láti òkè òkun ń pọ̀ sí i, àwọn ọmọ iṣẹ́ ń dín kù. A ti gba oríkì àwọn ọba àti ìjálá àwọn ọdẹ sílẹ̀ sínú ìwé. Ẹnu oní-sípíríngì ṣì wà láìkọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, bí ẹ bá délé, ẹ yà sí ọ̀dọ̀ èyí tó wà ní àdúgbò yín, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tó ń lò sílẹ̀, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. A ó tò wọ́n jọ.